Ọdún Kan ní Kánò: Ta Ni Yóò San Owó Ilé Agùnbánirọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa lemọ́lemọ́ láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, tí ìwé òfin ẹgbẹ́ kò sì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tàbí ní pólì, tí ìjọba sì gbé wọn lọ sí ìlú ńlá láti sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan. Àwọn òbí wọn ń wá yáwó. Àwọn kan nínú wa sì ń bi wọ́n pé, "Ṣebí ìjọba ń sanwó fún kọ́pà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ṣe?" Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀ ni a óò dìbò lé e lórí. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí a ṣe rí i, kí ẹni tí yóò bá nawọ́ sókè lè mọ ohun tí ó ń nawọ́ sí.

Ètò agùnbánirọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi òfin gbé e kalẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Èrò wọn ni pé kí ọmọ Yorùbá lọ gbé láàrin Haúsá, kí ọmọ Ìgbò wá gbé láàrin wa, kí ojú yéé ṣàjèjì sí ojú. Ẹni tí ó bá jáde ilé-ìwé gíga kí ó tó pé 30 ọdún kò gbọdọ̀ sá fún un. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọn a fún un ní ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá, ìwé ẹ̀rí yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Nítorí náà, òbí tí ó bá ní ọmọ òun kò ní í lọ, ọ̀nà ọmọ náà ni ó ń dí.

Ìyá kan wà láàrin wa tí ó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà. Ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ó gbà kí a sọ ìtàn náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jókòó tì wá ní ọ́fíìsì ní ọ̀sán ọjọ́ méjì láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò owó ni ọmọ náà kọ́. Nígbà tí ìwé ìpè rẹ̀ jáde ní 2024, Kánò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyá kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì dá a lẹ́bi, nítorí a kò tí ì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2011, nígbà tí wọ́n pa agùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní ìpínlẹ̀ Bauchi lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò bá wọn yí i padà sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ náà ló kọ̀. Ó ní bí òun bá máa jẹ́ ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò, kí òun lọ sí ibi tí owó ńlá ti ń yí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi wà ní káńpù. Káńpù ti Kánò wà ní Karaye, kò sí nínú ìgboro rárá. Fèrè ìdájí, ìtò bíi ti ọmọ ogun, káàkí àti bàtà ńlá, oúnjẹ ọ̀fẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe é ló mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí a fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí káńpù bá tú ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń fún kọ́pà ní ìwé tí yóò mú lọ sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n pín in sí, tí yóò sì gbé àpò rẹ̀ lé orí, tí yóò máa wá ibi tí yóò sùn nínú ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn.

Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n pín ọmọ yìí sí, wọ́n ní àwọn kò ní àyè fún kọ́pà, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ fún un pé kí ó padà. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kì í fẹ́ gbà wọ́n nítorí ìlànà ètò náà ń retí kí agbanisíṣẹ́ ṣètò ilé tàbí owó ọkọ̀ fún wọn. Ó wá ń lọ, ó ń bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé, kí wọ́n tó pín in sí ibòmíràn. Níbo ló ń sùn? Àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n jẹ́ Kristẹni ní ẹgbẹ́ tiwọn tí wọ́n ń pè ní NCCF, àwọn Mùsùlùmí náà ní tiwọn, MCAN, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ní ilé tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ tuntun sí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ nínú yàrá kan, lórí ẹní. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o. Bí kò bá sí ẹgbẹ́, ènìyàn á sùn síta. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa.

Kò tí ì rí ilé nígbà tí ìwọ́de ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ 2024 bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní Kánò, àwọn jàǹdùkú bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń fọ́ ilé, wọ́n ń kó ẹrù, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde tọ̀sán tòru. Ìyá ẹlẹ́wà sọ fún wa pé òun pe fóònù ọmọ náà títí tí owó orí fóònù òun fi tán, òun sì lọ yá ti aládùúgbò. Inú ilé ẹgbẹ́ náà ni wọ́n wà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, gààrí ni wọ́n mu títí tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ọ́fíìsì kejì tí wọ́n pín in sí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò ni, irú ibi tí ó fẹ́ gan-an. Wọn kò ní ilé fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò máa fún un ní 10,000 náírà lóṣù fún owó ọkọ̀. Ilé ló kù. Sabon Gari ni ó ti wá a, àdúgbò tí àwọn ará ìhà gúúsù ń gbé láti ayé àwọn òyìnbó. Bí àwọn Haúsá ṣe ní Sábó lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa àti àwọn Ìgbò ṣe ní tiwa lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ kan náà ni, ó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Ó bá kọ́pà kan tí ó wá láti Èkìtì pa owó pọ̀, wọ́n sì gba yàrá kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà. Owó yàrá fún ọdún kan jẹ́ 260,000 náírà, ìdajì tirẹ̀ jẹ́ 130,000. Owó ajẹ́ǹtì àti ti àdéhùn, ìpín tirẹ̀ jẹ́ 20,000. Tìmùtìmù, sítóòfù, garawa, ìkòkò méjì àti fáànù tòkunbọ̀, 55,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 205,000 náírà, kò sì tí ì ra iyọ̀. Èló wá ni ìjọba ń san fún un? Ní àsìkò náà, 33,000 náírà lóṣù. Iye yìí ni wọ́n ń san láti 2020, nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní 19,800. Ẹ fi 33,000 pín 205,000. Oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni ọmọ náà yóò fi ṣiṣẹ́, tí kò ní í jẹ, tí kò ní í mu, kí ó tó san gbèsè ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ibí yìí gan-an ni a fẹ́ kí ẹ fojú sí. Owó oṣooṣù ni ìjọba ń san, owó ọdún ni onílé ń gbà. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ti gbé owó kọ́pà sókè sí 77,000 náírà lóṣù, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù ti di 70,000. Ìyẹn dára púpọ̀, ó sì mú oúnjẹ rọrùn. Ṣùgbọ́n kò sí onílé kankan tí yóò sọ pé kí kọ́pà máa mú díẹ̀díẹ̀ wá lóṣooṣù. Àwọn àgbà tí wọ́n ń sọ pé "ìjọba ń sanwó" kò purọ́. Ọjọ́ tí owó náà ń wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ ni kò bára mu. Bẹ́ẹ̀, torí irú ìṣòro yìí gan-an ni àwọn bàbá wa ṣe dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́wà wá, ó ní kí ẹgbẹ́ yá òun ní 200,000 náírà. Owó tí ó fi pamọ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà lé ní 300,000, òfin wa sì ní ọmọ ẹgbẹ́ lè yá tó ìlọ́po méjì owó rẹ̀ bí ó bá ní onígbọ̀wọ́ méjì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Irú ẹ̀yáwó tí a óò pè é ló di ariwo. Owó òwò, owó ilé kíkọ́ àti owó ilé-ìwé, oṣù mẹ́wàá la fi ń san án. Èyí kì í ṣe òwò, ọmọ náà kò sì sí ní ilé-ìwé mọ́. Pàjáwìrì ló kù, oṣù mẹ́ta péré la sì fi ń san ìyẹn. Bí òfin ṣe wà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe fún un.

Ó san án tán, kò sì jẹ́ kí ọjọ́ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti rí i. Ó lé ní 66,000 náírà tí ó ń yọ lóṣooṣù láti inú owó ọjà, lásìkò tí owó ẹ̀wà ti gun òkè àjà. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ mọ bí 2024 ṣe rí. Ẹni tí ó ń ra àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan wá ń ra mẹ́rin. Oníbàárà rẹ̀ méjì tí wọ́n ń dín àkàrà lọ bá ẹlòmíràn, ọ̀kan kò tí ì padà. Bí a bá ní kí ó fi oṣù mẹ́wàá san án ni, 20,000 àti èlé rẹ̀ ni yóò máa san lóṣù.

Nísinsìnyí, kí ni ọdún náà mú wá? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìbù mọ́ ọn.

Ọmọ náà ní ohun tí òun kọ́ ní ọ́fíìsì yẹn láàrin oṣù mẹ́ta, òun kò kọ́ ọ ní ilé-ìwé fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n máa ń rán wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníṣòwò láti ka ọjà tí ó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé. Ó ka aṣọ ní Kantin Kwari, ọjà aṣọ tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin aláṣọ wa mọ̀ dáadáa, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní àwọn àgbà oníṣòwò kan wà níbẹ̀ tí wọn kò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ gbèsè gbogbo oníbàárà sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, tí náírà kan kì í sì í sọnù. Ọjọ́ Jímọ̀, bí ó bá ti di ọ̀sán, gbogbo ènìyàn ti ń lọ kírun, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ọ̀kadà kò sí níbẹ̀ láti 2013 tí ìjọba wọn ti fi òfin dè é. Kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n ń wọ̀, "adaidaita sahu" ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa yìí, ẹnu òun bẹ́ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè wá pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọjà, ó na ọjà kan, ó dá iye kan, ẹni tí ń tà á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "Albarka." Ọmọ wa gbọ́ àlùbáríkà, ó rò pé ó ti gbà á nìyẹn, ó bá ń ka owó. Ọkùnrin náà fa ọjà rẹ̀ sẹ́yìn. Àṣé lọ́dọ̀ tiwọn, bí ẹni tí ń tà bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé owó rẹ kò tó, kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i, fi kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sókè ọya, ẹ rántí o. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti ń ná ọjà ní Haúsá, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń mú un lọ bá oníbàárà nítorí pé ó lè kí wọn bí ó ti yẹ.

Dawanau ni ó kan ìyá rẹ̀ jù. Ọjà oúnjẹ oníhóró ńlá tí ó wà lẹ́yìn ìgboro Kánò nìyẹn, ibi tí ẹ̀wà, ọkà bàbà, ẹ̀pà àti yànmọ̀tí ti ń lọ sí gbogbo Nàìjíríà àti òkè òkun. Ọmọ náà bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀ láti sọ iye tí àpò ẹ̀wà jẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí ó ti ń ta ẹ̀wà, ìyá yìí mọ iye tí ọjà jẹ́ ní orísun kí ọkọ̀ tó dé Bódìjà. Ó ní àwọn alágbàtà wo òun lójú, wọ́n ní ta ló sọ fún ọ.

Òun àti àwọn ìyá méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa wá kó owó jọ, wọ́n ra àpò ẹ̀wà tààrà láti ibẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. A kò ní í sọ fún yín pé wọ́n di olówó. Owó ọkọ̀ jẹ púpọ̀ nínú èrè náà, kòkòrò sì ti bọ́ sínú àpò méjì kí wọ́n tó tú u. Nígbà tí owó ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní 2025, ọ̀kan nínú wọn ní òun kò ṣe mọ́. Méjì tí ó kù ṣì ń bá a lọ, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá rà á, wọ́n sì mọ àpò tí ó yẹ kí wọ́n tú wò kí wọ́n tó sanwó.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn wà tí tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èkó ni wọ́n gbé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ. Bàbá náà ní òun kò ní í bá ẹnikẹ́ni yáwó nítorí ọmọ tí ó ti ń gbowó ìjọba, ó tiẹ̀ ń retí kí ọmọ máa fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Ìkòròdú ni ọmọ náà rí ibi tí ó lè gbé lọ́dọ̀ ìbátan, Erékùṣù Èkó ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jí. Owó ọkọ̀ ń jẹ owó kọ́pà rẹ̀ tán kí oṣù tó dé ìdajì, ó wá di ẹni tí ń sùn sí ọ́fíìsì, tí ń wẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó dé. Nígbà tí ó wá ilé sún mọ́ ibi iṣẹ́, owó ọdún méjì ni onílé ń béèrè, bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà kò kan àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Victoria Island, àwọn onílé ibòmíràn sì ń ṣe bí ẹni pé kò kan àwọn náà. Ó parí ọdún rẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé òun kò lè sọ ohun pàtó kan tí òun kọ́, oorun ni òun ń wá kiri ní gbogbo ọdún náà.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí kò fi bàbá náà ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni a ń wo káàkí ọmọ tí a ń rí owó oṣù. Ìkọ́ṣẹ́ ni ọdún yìí. Ta ni nínú wa tí ó fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lọ̀ tàbí mẹkáníìkì tí ó sì ń retí kí ó máa fowó ránṣẹ́ kí ó tó gba fíríìdọ̀mù? Ṣebí àwa la ń ra ẹ̀rọ fún un.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń gbé wá síwájú yín nìyí. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ bá gba ìwé ìpè lè yáwó tó 300,000 náírà, kí ó má ju ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lọ, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, kí ó sì fi oṣù mẹ́wàá san án. Òbí ni ó jẹ gbèsè, kì í ṣe ọmọ. Àwọn kan ti béèrè pé bí ọmọ bá sá lọ ńkọ́. Kò sí ibi tí ọmọ ń sá sí tí ó kan ẹgbẹ́, orúkọ òbí ló wà nínú ìwé wa.

Àtakò kan wà tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìyá oníṣu kan bi wá pé, ọmọ tòun tí ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, tí ó fẹ́ lọ gbé Abuja fún ọdún kan lọ́dọ̀ ọ̀gá tí yóò tún un kọ́ sí i, ṣé nítorí pé kò lọ yunifásítì ni kò fi ní í rí owó ilé? Ní tiwa, ìyá yìí jàre, ó sì yẹ kí a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kún un. Akápò wa kò fara mọ́ ọn, ó ní owó tí ó wà nílẹ̀ kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, pàápàá ní oṣù tí àwọn aláṣọ ń yáwó ọdún. Òun fúnra rẹ̀ yóò ka ìṣirò náà fún yín ní ìpàdé, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́wà ti parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ ní 2025. Ọ́fíìsì Kánò ní kí ó dúró, ó ní òun fẹ́ wá jókòó ṣe ìdánwò ICAN ná. Ó ti gbà láti wá sí ìpàdé náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ Dawanau, kí ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ni a óò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí owó ìfipamọ́ rẹ̀ bá ti wọ gbèsè oṣù mẹ́ta kò ní í lè dìbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè wá yẹ ìwé yín wò lọ́dọ̀ wa.